Sìlíńdà Ló Ń Yan Písítìn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Tó Ń Tọ́jú Alùpùpù Àtijọ́ ní Ìkòròdú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì láti Sábó dé Ọ̀dọ̀gùnyàn, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin oní-léètì tí ẹ ń bá irin ṣe wọlé-wọ̀de látàárọ̀ ṣúlẹ̀, Ògún á gbè yín. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ iwájú, torí ẹ̀yin gan-an ni ọ̀gá máa ń rán lọ ra písítìn, èyí tó ń lọ sókè-sódò nínú ihò sìlíńdà ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìjẹdẹ, Ìmọ̀ta àti Ìgbógbò, tí Honda tí bàbá yín gùn ṣì wà lẹ́yìnkùlé, tiyín ni ọ̀rọ̀ yìí pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Tí alùpùpù àtijọ́ bá ń rú èéfín búlúù, tó ń jẹ ọ́ìlì, tí kíkì rẹ̀ ti fúyẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì, kí la kọ́kọ́ máa ń ṣe? A ó tú orí ẹ́ńjìnnì, a ó yọ písítìn, a ó jù ú sínú láílọ́ọ̀nù, ó di ọjà. "Ẹ fún mi nírú èyí." Àbí irọ́ ni? Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Sìlíńdà ló ń yan písítìn. Ẹ wí i tẹ̀lé mi: sìlíńdà ló ń yan písítìn! Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà la ti ń wọn sìlíńdà kí ẹsẹ̀ tó kan ọjà.

Apá kìíní: ẹ bi òkú léèrè ohun tó pa á

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Písítìn tuntun kọ́ ni oògùn ohun tó ba ti àtijọ́ jẹ́. Kí ẹ tó jù ú nù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ yí i po. Ara rẹ̀ yóò rojọ́ fún yín.

Bí ara rẹ̀ bá ti pàdánù dídán, tó rí bí ìkòkò tí a fi yanrìn họ, tí ríìngì, ìyẹn òrùka irin tó yí i ká, sì ti tín-ín-rín, eruku ló jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìmọ̀ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ eruku pupa tí mò ń wí. Bí fóòmù inú ilé afẹ́fẹ́ bá ti ya, tàbí tí ẹnì kan ti yọ ọ́ dànù pé kí máṣìnnì lè mí dáadáa, eruku ni ẹ́ńjìnnì ń mu ní tààrà. Ẹ fi písítìn tuntun síbẹ̀ láìfi fóòmù tuntun sí i, oṣù díẹ̀ lẹ ó tún fi padà wá. Fóòmù ọ̀hún kò gbówó lórí. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa á lára, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ tó dá a padà.

Bí ó bá jẹ́ pé ibi mẹ́rin ló họ lára písítìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò pínnì (ọ̀pá kékeré tó gba inú písítìn kọjá) lápá kan, méjì lápá kejì, písítìn náà wú ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ ni. Bóyá oní-léètì kò fi àyè tó sílẹ̀ nínú ihò, bóyá wọ́n tan máṣìnnì tán, wọ́n fà á délẹ̀ kí ara rẹ̀ tó yá. Lórí ẹ́ńjìnnì tó ń fi ọ́ìlì po pẹtiróòlù, bí apá tó kọjú sí sàlẹ́ńsà nìkan ló họ, ọ́ìlì kò tó, tàbí afẹ́fẹ́ kan ń jò wọlé níbi gásíkẹ́ẹ̀tì tí pẹtiróòlù kò fi tó. Bí orí rẹ̀ bá ti yọ́ tàbí tó lu, ẹ lọ wo tàímìnnì iná, ẹ wo jẹ́ẹ̀tì kàbúrétọ̀, ẹ wo bóyá púlọ́ọ̀gì tó wà níbẹ̀ gbóná ju èyí tó yẹ ẹ́ńjìnnì náà lọ.

Èyí tí ojú kì í tètè rí nìyí: bí písítìn bá dán lókè lápá òsì, tó tún dán nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ní ìhà tí pínnì nà sí, kọ́ńrọ́ọ̀dù, apá tó so písítìn mọ́ kiránkì tó ń yípo nísàlẹ̀, ti wọ́. Ẹ má fi písítìn kankan síbẹ̀ o, títí ẹ ó fi tún kiránkì náà ṣe. Ibẹ̀ lowó ń gbà jáde. Wọ́n á pààrọ̀ písítìn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á bú ẹni tó tà á fún wọn, kọ́ńrọ́ọ̀dù tó wọ́ wà níbẹ̀ kò kúrò.

Apá kejì: wíwọn sìlíńdà

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 100, ìdá kan nínú rẹ̀ ni 0.01. Àyè tó wà láàárín písítìn àti ògiri sìlíńdà nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré kò ju nǹkan bí 0.03 sí 0.05 mm lọ. Fẹ́níà, irin ìwọ̀n tó wà nínú àpótí wa, tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ó ti ṣì wọ́n tó ìyẹn. Ṣé kọ́ńgò tí a fi ń wọn gàrí la ó fi wọn wúrà? Maikirómítà la fi ń wọn písítìn, bọ́ọ̀ géèjì la fi ń wọn ihò. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ lọ bá oní-léètì tó ní in kó wọ̀n ọ́n lójú yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú Honda CG125 ṣe àpẹẹrẹ. 1976 ló jáde, ó ti dàgbà, àwọn ará Ṣáínà sì ti ṣe irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ títí tó fi kún òpópónà wa. Ihò sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní 56.5 mm, ìrìn písítìn rẹ̀ jẹ́ 49.5. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ó wọn ihò náà: lókè (ìyẹn ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ríìngì àkọ́kọ́ máa ń dé), láàárín, àti nísàlẹ̀. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ní ìhà tí kiránkì nà sí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìdábùú rẹ̀. Lókè, ní iwájú-sí-ẹ̀yìn, lẹ ó ti sábà rí iye tó ga jù, torí pé ibẹ̀ ni iná ti ń ti písítìn mọ́ ògiri nígbà tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ọ́ìlì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé.

Ká sọ pé iye tó ga jù jẹ́ 56.72. Ófásáìsì, ìyẹn písítìn tó fẹ̀ ju sáìsì àkọ́kọ́ lọ, tí wọ́n ń tà ni 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00. Èwo la ó rà? Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ 0.25. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? 56.75 ju 56.72 lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ihò kì í jẹ yíká bákan náà. Bí ó bá jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ló jẹ gbogbo 0.22 yẹn, tí oní-léètì sì fẹ́ kí ihò tuntun dúró sí àárín gbùngbùn ti àtijọ́, yóò gbẹ́ 0.22 kúrò lápá kejì pẹ̀lú. Ìyẹn di 0.44. Nítorí náà 0.50 la ó rà, ihò á di 57.00. Bí ẹnikẹ́ni bá fi 0.25 ṣe é tipátipá, yálà ojú ibi tó jẹ kò ní tán, tàbí ihò náà á yẹ̀ kúrò ní àárín rẹ̀, kọ́ńrọ́ọ̀dù á máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn míì tún máa ń ní kí wọ́n fo gbogbo rẹ̀, kí wọ́n mú 1.00 lẹ́ẹ̀kan náà, pé kó lè pẹ́. Kò lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin ènìyàn mi! Irin tí ẹ bá gbẹ́ kúrò kò ní padà wá. Lẹ́yìn 1.00, sílíìfù ló kù, ìyẹn ni pé kí wọ́n ti ògiri tuntun bọ inú sìlíńdà. Sáìsì tó kéré jù lọ tó lè mú ihò mọ́ tónítóní, òun ni kí ẹ rà.

Ẹni tí kò ní bọ́ọ̀ géèjì rárá lè mú ríìngì kan àti fílà géèjì, àwọn abẹ irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo. Ẹ ti ríìngì náà sí ìsàlẹ̀ ihò, níbi tí kò tíì jẹ, ẹ fi orí písítìn tì í kó dúró déédéé, ẹ wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Ká ní 0.35 ni. Ẹ wá fà á sókè síbi tó jẹ jù, kó di 0.65. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.30. Ẹ pín in sí 3.14, ẹ ó rí nǹkan bí 0.095. Ìyẹn ni pé ihò lókè fi bíi ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Èyí kò péye tó láti fi bọ́ọ̀ sìlíńdà, ìyẹn láti gbẹ́ ihò rẹ̀ kó fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ̀ pé ríìngì tuntun nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ má sì fi písítìn sáìsì àkọ́kọ́ sínú ihò tó ti jẹ. Lókè ihò bẹ́ẹ̀, etí kan máa ń yọ níbi tí ríìngì àtijọ́ kò dé. Ríìngì tuntun tí igun rẹ̀ mú á lọ kọlu etí náà, á sì kán.

Apá kẹta: fífẹ̀ nìkan kọ́

A ti mọ̀ pé 57 mm là ń wá. Ṣé a wá lè ra písítìn 57 èyíkéyìí? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Suzuki GN125 tí kò tíì jẹ rárá, 57 ni ihò tirẹ̀. Ẹ gbé písítìn rẹ̀ síbi ti CG125 tó jẹ́ +0.50, ojú lásán kò lè tètè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n pínnì CG nípọn ní 15 mm, ti GN jẹ́ 14. Ẹlòmíràn á ní kò burú, kí wọ́n gbẹ́ ihò pínnì náà sí 15. Ó burú, torí pé gíga láti àárín pínnì dé orí písítìn náà kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì yẹn.

Gíga yìí la kì í sábà wọ̀n, òun ló sì ń ṣe ìkà jù. Ẹ wọ̀n ọ́n láti etí òkè ihò pínnì dé orí písítìn, kí ẹ fi ìdajì ìnípọn pínnì kún un. Kó bá ti àtijọ́ mu. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí kò bá bá a mu? Nínú ẹ́ńjìnnì 124 cc tí ìfúnpọ̀ rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti pẹtiróòlù pọ̀, jẹ́ 9 sí 1, bí písítìn bá fi 1 mm péré ga jù, ìfúnpọ̀ á lọ sókè dé nǹkan bí 10.5. Ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, á máa dún ṣàkàṣàkà tó bá ń gun òkè, bí kò bá tilẹ̀ kọ lu fáàfù. Bí ó bá fi 1 mm kúrú, ìfúnpọ̀ á wálẹ̀ sí bíi 7.9, máṣìnnì á sì di aláìlágbára. Bí ẹ bá ṣe iyèméjì, ẹ fi amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré sórí písítìn, ẹ de orí ẹ́ńjìnnì, ẹ fọwọ́ yí kiránkì lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ tú u, kí ẹ fi abẹ gé amọ̀ náà. Níbi tó bá ti tín-ín ju 1 mm lọ, ẹ dúró níbẹ̀.

Ti ẹ́ńjìnnì Ṣáínà rọrùn díẹ̀, torí pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára irin. 156FMI: 1 ni iye sìlíńdà, 56 ni fífẹ̀ ihò ní mìlímítà láìka ìdá tó lé, F ni pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, M ni pé ti alùpùpù ni, I ni pé ó wà nínú ẹgbẹ́ 125. 162FMJ fẹ̀ ní 62, ẹgbẹ́ 150 ni. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó bọ́ọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò kọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Ti Ìlú Ọba ní èdè tirẹ̀. BSA Bantam tó kọ́kọ́ jáde ní 1948, 52 mm ni ihò rẹ̀, 58 ni ìrìn, ṣùgbọ́n ìdá ẹgbẹ̀rún ìǹṣì ni wọ́n fi ń ka ófásáìsì. Bí ẹ bá rí +020 lórí písítìn Ìlú Ọba, 20 nínú ìdá 1000 ìǹṣì ni, ìyẹn 0.508 mm. +040 jẹ́ 1.016. Ẹni tó bá rí +040 tó pè é ní 0.40 mm ti ṣe àṣìṣe tí kò ṣeé tún ṣe pẹ̀lú fáìlì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Jincheng AX100 tàbí Yamaha RX100, ẹ gbọ́ o. Méjèèjì ló fẹ̀ ní 50, méjèèjì ló rìn ní 50, méjèèjì ló jẹ́ 98 cc. Písítìn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà! Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù, ara písítìn ni ilẹ̀kùn. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀, gíga rẹ̀, àti ṣóńṣó kékeré tó ń di ẹnu ríìngì mú kí ó má baà yí, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bá ojúlé inú sìlíńdà yẹn mu. Bí ṣóńṣó yẹn bá bọ́ sí ojú ihò, ẹnu ríìngì á yọ sínú rẹ̀, á sì kán síbẹ̀.

Honda CD175 ní sìlíńdà méjì, 52 mm lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Méjèèjì lẹ ó jọ bọ́ọ̀ sí sáìsì kan náà, kódà bí ọ̀kan kò bá jẹ tó ìkejì. Ẹ gbé písítìn méjèèjì lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kó wọ̀n wọ́n. Kí ìyàtọ̀ wọn má ju gíráàmù 2 lọ.

Apá kẹrin: níwájú ẹni tó ń tà á

Ẹ gbé maikirómítà dání. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí písítìn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n níbo la ti ń wọ̀n ọ́n? Ẹ má wọn orí rẹ̀! Alumíníọ̀mù máa ń wú tó ìlọ́po méjì irin sìlíńdà bí iná bá mú wọn. Bí orí písítìn tó fẹ̀ ní 56.5 bá fi 200 °C gbóná sí i, yóò fi bíi 0.24 mm wú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe orí rẹ̀ kéré ju ìdí rẹ̀ lọ, tí wọn kì í sì í ṣe é róbótó pátápátá. Nǹkan bí 10 mm sókè láti etí ìsàlẹ̀, ní ìdábùú ihò pínnì, ibẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ojúlówó písítìn ni wọ́n ti dá padà pé ayédèrú ni, nítorí pé orí rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n.

Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa pínnì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tì í. Ó yẹ kó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ yí ríìngì yíká ojú yàrà tó ń jókòó sí lára písítìn, kí ẹ fi fílà géèjì wò ó: nǹkan bí 0.02 sí 0.06 dára. Bí 0.12 bá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra písítìn tòkunbọ̀: yàrà ríìngì rẹ̀ ti gbòòrò, ara òde rẹ̀ kàn ń dán ni. Èyí tó jẹ́ ojúlówó àtijọ́ tí a kò tíì lò rí, ẹ̀bùn ni, ṣùgbọ́n ẹ tú ríìngì rẹ̀ wò. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó ń fẹ́ wá bá wa láti Ẹ̀bútè kì í fi irin sílẹ̀, ríìngì tó dípẹtà á họ ògiri tuntun yẹn lọ́jọ́ kìíní.

Wọ́n á tún fẹ́ ta písítìn tí wọ́n lù dípò èyí tí wọ́n dà. Èyí tí wọ́n lù le lóòótọ́, ti ìdíje ni. Púpọ̀ nínú wọn máa ń wú jù, àyè tó pọ̀ sí i ni a ó fún un, nítorí náà yóò máa dún kọ̀kọ̀kọ̀ láàárọ̀ kí ara ẹ́ńjìnnì tó yá. Fún máṣìnnì àtijọ́ tó ń lọ Sábó tó ń bọ̀, èyí tí wọ́n dà ni mo fara mọ́.

Apá karùn-ún: ẹ gbé písítìn dé ọ̀dọ̀ oní-léètì

Ẹ má sọ fún un pé "bá mi bọ́ọ̀ ọ́ sí 57" kí ẹ máa lọ. Ẹ fi písítìn náà sílẹ̀ fún un. Bí a bá wọ̀n ọ́n tó jẹ́ 56.96, tí àyè tí ìwé máṣìnnì náà fọwọ́ sí jẹ́ 0.04, ihò á jẹ́ 57.00. Bí ó bá jẹ́ 56.92, ihò á jẹ́ 56.96. Písítìn tó wà lọ́wọ́ là ń gbẹ́ ihò fún, kì í ṣe nọ́ńbà orí páálí. Kó dá gbígbẹ́ dúró nígbà tó bá ku bíi 0.03, kó fi òkúta ìlọ̀ parí rẹ̀, kí ojú ilà rẹ̀ máa kọjá lórí ara wọn bí àwọ̀n ẹja. Ilà yẹn ló ń di ọ́ìlì mú. Bí ó bá ní ihò ojúlé lára, kó fi òkúta pa etí wọn rẹ́.

Ẹ wá fọ̀ ọ́. Pẹtiróòlù kọ́ o! Pẹtiróòlù á kó ọ́ìlì lọ, á fi iyẹ̀pẹ̀ òkúta sílẹ̀ nínú ilà. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ fi aṣọ funfun tó ní ọ́ìlì nu inú rẹ̀. Bí aṣọ bá dúdú, ẹ tún un fọ̀, àfi ìgbà tó bá jáde ní funfun. Kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀, torí ìpẹtà kì í dúró di ọ̀la.

Ẹ ti ríìngì kọ̀ọ̀kan bọ inú ihò tuntun, kí ẹ wọn ẹnu rẹ̀. Fún 57 mm, 0.20 sí 0.30 dára. Bí kò bá tó 0.15, ẹ fi fáìlì gbẹ́ ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí bí ó bá gbóná tí ẹnu méjèèjì kanra, ó lè kán tàbí kó mú ẹ́ńjìnnì há.

Apá tó kẹ́yìn: dídè àti ìrìn àkọ́kọ́

Èyí kò le. Lẹ́tà ara ríìngì á kọjú sókè. Lórí ẹ́ńjìnnì tí kò ní ṣóńṣó, ẹ pín ẹnu ríìngì yíká, kí wọ́n má wà lójú kan. IN tó wà lórí písítìn Honda á kọjú síbi tí kàbúrétọ̀ wà. Ọfà tó wà lórí ti àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń fi ọ́ìlì po pẹtiróòlù á kọjú sí sàlẹ́ńsà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ di ẹnu kiránkì kí ẹ tó fọwọ́ kan lọ́ọ̀kì, wáyà kékeré tó ń di pínnì mú, torí bí ó bá jábọ́ sínú, gbogbo ẹ́ńjìnnì lẹ ó tú. Lọ́ọ̀kì tuntun ni o, ní gbogbo ìgbà. Èyí tí ẹ ti yọ lẹ́ẹ̀kan ti rẹ̀, ó lè fò jáde lórí eré, kó ha ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ tan án, kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ pa á, kó tutù pátápátá. Fún kìlómítà 500 àkọ́kọ́, ẹ má fa ọwọ́ rẹ̀ délẹ̀, ẹ má fi jíà gíga wọ́ ọ gun òkè, ẹ má di sìmẹ́ńtì lé e. Ẹ má sì gùn ún ní ìwọ̀n eré kan ṣoṣo lọ Ṣágámù; ẹ máa fà á díẹ̀, kí ẹ máa dẹ̀ ẹ́, kí ríìngì lè bá ògiri rẹ́. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 100, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ ní 500. Ẹ̀yin oní-AX100, ẹ má ṣe da ọ́ìlì kún pẹtiróòlù ju bó ṣe yẹ lọ pé kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn: bí ọ́ìlì bá pọ̀ nínú rẹ̀, pẹtiróòlù tó ń gba ojú jẹ́ẹ̀tì kọjá ti dín kù nìyẹn, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná sí i. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó tutù títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún bóòtù orí rẹ̀ dè, ní àgbélébùú, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó bá gbé písítìn tàbí sìlíńdà wá, kó gbé e wá síwájú. Maikirómítà wà lórí tábìlì yìí, a ó jọ wọ̀n ọ́n báyìí.